Orí Keje: Ẹ̀tẹ̀ àti Làpálàpá Ara Ọkọ̀

Màmá kan tó máa ń ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó sì ń kó o wá tà ní Ìkòròdú, ló wa Corolla rẹ̀ wá sọ́dọ̀ pẹ́ńtà kan nítòsí Sábó. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mò ń dúró de ọkọ̀ tèmi. Ọkọ̀ màmá náà ti lé ní ogún ọdún. Ó na ìka sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀dà ti wú bíi kóró ẹ̀wà mẹ́ta tó tò tẹ̀léra.

"Ọmọ mi, ibi kékeré yìí ni kó o bá mi kùn. Èló ni màá san?"

Pẹ́ńtà náà kò dárúkọ owó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná tẹ ibi tó wú náà. Ó dún kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ èèpo ẹ̀pà fọ́. Ó mú ọ̀bẹ kan tí kò mú, ó fi gún un díẹ̀, ọ̀dà sì ṣí kúrò. Ohun tó dà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà mọ́. Ìpáàrà ni, ó pọ́n, ó rí wúruwùru bíi gààrí tí wọ́n fi epo pupa dín. Nígbà tó fi gbá a kúrò tán, ihò tó kù níbẹ̀ gba àtàǹpàkò.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Tí mo bá kùn ún báyìí, owó yín ni mo kàn jẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Inú ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà yẹn ni gbogbo orí yìí wà. Ara ọkọ̀ máa ń ní làpálàpá, ó sì máa ń ní ẹ̀tẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ti ha, ibi tí òkò ti ta á, ibi tí àwọ̀ ti ṣá, làpálàpá ni gbogbo ìyẹn, kò kọjá awọ. Ìpáàrà ni ẹ̀tẹ̀. Abẹ́ awọ ló ti ń jẹun, kí ó tó yọjú síta, ó ti jẹ irin yó. Oògùn àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ èwo ni èwo, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sanwó iṣẹ́ kan.

Aṣọ tí irin wọ̀

Ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Aṣọ mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ń wọ̀ kúrò ní fáktirì. Èyí tó fara kan irin ni wọ́n ń pè ní e-coat. Wọ́n máa ń ri odindi ara ọkọ̀ bọ inú ọpọ́n ńlá tí ọ̀dà olómi kún inú rẹ̀, bí aláró ṣe ń ri aṣọ bọ ìkòkò aró. Wọ́n á wá jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú omi náà kọjá, kí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ irin títí dé àwọn kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé. Ilé-iṣẹ́ Ford ló mú ọgbọ́n yìí wọ iṣẹ́ ọkọ̀ nínú àwọn ọdún 1960. Páráímà ló tẹ̀ lé e, òun ló ń mú ojú irin tẹ́jú. Lẹ́yìn páráímà ni àwọ̀ tí à ń rí. Kílíà ló wà lókè pátápátá. Kò ní àwọ̀ kankan, ó kàn ń dán bíi gíláàsì ni, òun ló sì ń gba ìyà oòrùn àti òjò fún àwọn tó kù.

Ẹ wá gbọ́ bí aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe fẹ́lẹ́ tó. Tí a bá to gbogbo wọn léra, nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 ni wọ́n jẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan. Irun orí èèyàn tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Ìyẹn ni pé irun orí méjì péré ló dúró láàárín irin ọkọ̀ yín àti òjò Ìkòròdú. Àwọ̀ gan-an, tí a tìtorí rẹ̀ ń sọ pé ọkọ̀ yìí rẹwà, kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 20 lọ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbẹ. Láti ọdún 1914 sí 1925, dúdú nìkan ni Ford ń kun ọkọ̀ Model T rẹ̀. Ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ DuPont ń pè ní Duco, tí wọ́n fi kun ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Sẹ́lúlóòsì ni ọ̀dà náà, kíá ló máa ń gbẹ. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọ̀dà sẹ́lúlóòsì tí ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ títì ṣì ń lò títí dòní. Kílíà kò sì gbilẹ̀ títí ó fi di àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ní ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975, kó má ṣe wá kílíà lára rẹ̀. Àwọ̀ àti dídán, ìpele kan náà ló máa ń gbé méjèèjì lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí àwọn ìpele yìí, ẹ dúró ti kòrópè kan, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, ní gáréèjì, kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti kán létí ilẹ̀kùn rẹ̀. Yẹ́lò ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Lábẹ́ rẹ̀, yẹ́lò mìíràn tó pọ́n ju ti òkè lọ. Lábẹ́ ìyẹn, fílà tí wọ́n fi dí ibi tó tẹ̀, tó rí bí ẹfun. Lẹ́yìn náà ni funfun tó gbé wá láti òkè òkun. Gbogbo ìtàn ìgbésí ayé ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀dà ti nípọn jù ló ti kọ́kọ́ ń sán. Ọ̀dà tó bá nípọn jù kì í lè bá irin nà, bẹ́ẹ̀ ni kì í lè bá a sún kì nígbà tí oòrùn bá mú un tí òjò sì pa á.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ fi máa ń pariwo "first body". Kì í ṣe ẹnu dídùn lásán. Aṣọ ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi iná mànàmáná wọ̀ fún irin yẹn, fáktirì nìkan ló lè wọ̀ ọ́ fún un. Tí pẹ́ńtà bá ti fi sáńpépà fá a kúrò, kò sí pẹ́ńtà náà ní Ìkòròdú tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó lè dá a padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé nígbà tí ibi kékeré kan bá bàjẹ́, àǹfààní títún ibi kékeré náà nìkan ṣe ni pé aṣọ ìsàlẹ̀ ibi tó kù kò ní ṣí.

Omi, iyọ̀ àti oòrùn

Ìkòròdú wà létí ọ̀sà Èkó lápá àríwá. Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Èkó àti ọ̀sà Lekki. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtóìkin láti ìlú kan dé èkejì yóò rí i pé omi kì í jìnnà sí òun. Irin kò sì nílò kí òjò rọ̀ kó tó dógùn-ún. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú 100, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí á ti bà sórí irin. Ní àárọ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní agbègbè wa, ọ̀rinrin yìí máa ń ju 80 lọ.

Lábẹ́ omi fẹ́lẹ́ yẹn, irin di bátìrì kékeré. Apá kan lára rẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, agbára iná tó bá tú sílẹ̀ á gba inú irin kọjá lọ sí apá kejì, níbi tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti ń dúró dè é. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irin, omi àti ọ́síjìn, bá bí ni ìpáàrà. Iyọ̀ kì í dá ìpáàrà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ́ kí iná náà tètè rìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà Èkó, omi náà á sì ní iyọ̀. Nígbà òjò, odò á tún tì í padà. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ dúró létí omi ní Ìpakòdó nínú oṣù kejì kò gbọ́dọ̀ rò pé omi lásán ló ta sí ọkọ̀ òun.

Ìpáàrà ní ìwà kan tó ṣe pàtàkì fún wa: àyè tó ń gbà ju ìlọ́po méjì àyè irin tó bí i lọ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i lábẹ́ ọ̀dà, ó gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò gbà, òkè ló sì máa ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà ṣe ń wú. Ibi tí ẹ bá rí tó wú, ìparí ọ̀rọ̀ ni ẹ ń wò, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ ti gbé ẹ̀tẹ̀ tiwọn bọ̀ láti ìdálẹ̀. Tòkunbọ̀ là ń pe ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé, orúkọ yẹn náà la fún ọkọ̀ àlòkù. Ní àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Ọkọ̀ tó bá ti gun irú títì bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lè dán gbinrin nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Tin Can, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀, kó dùbúlẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀ kó tó yin ojú rẹ̀.

Oòrùn ní tirẹ̀ kì í bá irin jà, kílíà ló ń bá jà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró gan-an lókè orí wa lọ́sàn-án, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ìtànṣán ultraviolet inú rẹ̀ máa ń já àwọn okùn tín-ín-rín tó di kílíà mọ́ra. Òrùlé ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára torí pé àwọn ló kọjú sókè. Kílíà á kọ́kọ́ ṣú, á wá funfun, á sán, lẹ́yìn náà á máa bó bí awọ ara ẹni tí ọyẹ́ mú.

Èékánná, aṣọ funfun, òòfà

Kí ẹ tó ra ọ̀dà kankan, ẹ yẹ ọkọ̀ wò. Ohun èlò mẹ́ta ló tó.

Ẹ fi èékánná fa ojú ibi tó ha. Tí kò bá kọ́ èékánná, inú kílíà ni ọgbẹ́ náà mọ, pọ́líìṣì lásán lè mú un kúrò. Tí ó bá kọ́ èékánná ṣùgbọ́n tí àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ dúdú páráímà ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ nílò ọ̀dà, àmọ́ kò sí ìkánjú. Tí ẹ bá rí irin tó ń tàn, tàbí ohun pupa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí.

Ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ ti kan pọ́líìṣì díẹ̀ mọ́ nu ibì kan. Tí aṣọ náà bá gba àwọ̀ ọkọ̀, kò ní kílíà. Tí ó bá mọ́, ó ní in.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú òòfà kékeré tí ẹ ti fi aṣọ wé kó má baà ha ọkọ̀, kí ẹ gbé e káàkiri. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ fílà. Ibi tó bá ti kọ̀ lára ilẹ̀kùn tàbí fẹ́ńdà irin, fílà tó nípọn ló wà níbẹ̀. Fílà kì í ṣe ohun búburú tí a bá fi dí ibi tó tẹ̀ díẹ̀ lórí irin tó mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fi fílà bo ìpáàrà, ńṣe ló dé fìlà bo orí tó ń jẹrà.

Iṣẹ́ ọwọ́

Ẹ jẹ́ ká mú ibi kan tí òkò ta lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó tóbi tó kóró ẹ̀wà, tí irin ti yọjú, tí ìpáàrà sì ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Èyí lẹ lè ṣe fúnra yín nílé.

Ẹ yan àárọ̀ tí òjò kò ṣú, kí ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòòji. Tí irin bá gbóná, tíínà inú ọ̀dà á fò lọ kí ọ̀dà tó ráyè tẹ́, ojú rẹ̀ á wá rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ rì sínú sípírítì nù ún. Láti ìgbà yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Òróró ara ìka, tàbí pọ́líìṣì tó ní sílíkóònù, máa ń lé ọ̀dà sẹ́yìn, yóò sì fi ihò róbótó róbótó sílẹ̀ bí ojú ẹja.

Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ̀dà tó bá ti ń mì létí ọgbẹ́ náà. Ọ̀dà tuntun kò lè dúró lórí èyí tí kò di irin mú. Ẹ ká sáńpépà 320 mọ́ orí igi ìtayín, kí ẹ fi ha ìpáàrà kúrò títí irin á fi tàn. Tí pupa díẹ̀ bá há sínú ihò tí sáńpépà kò lè dé, ẹ kan oògùn ìpáàrà tó ní ásíìdì phosphoric nínú mọ́ ọn. Yóò sọ ìyókù ìpáàrà náà di ohun dúdú tó le. Ẹ tẹ̀ lé ìlànà tó wà lára ìgò rẹ̀.

Páráímà ló kàn. Ẹ kan án mọ́ irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, àwọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dí ihò náà. Ọ̀dà tó bá nípọn máa ń gbẹ lókè, tíínà á sì há sí abẹ́ rẹ̀. Ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́lẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti gbẹ kí òmíràn tó dé, ló dára. Tí ọkọ̀ bá ní kílíà, ẹ fi kílíà parí rẹ̀, kó yọ sókè díẹ̀ ju ojú ọ̀dà àtijọ́ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ sáńpépà 2000 sínú omi, kí ẹ fi ra á jẹ́jẹ́ títí yóò fi bá ojú ọ̀dà tó yí i ká dọ́gba, kí ẹ wá fi pọ́líìṣì dán an.

Tó bá jẹ́ bọ́ńpà oníke ni, ẹ̀rù ìpáàrà kò sí níbẹ̀, àmọ́ ọ̀dà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ike. Páráímà ti ike wà lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe lo ti irin.

Tó bá sì jẹ́ pé kílíà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń bó, ọwọ́ yín kò lè tún un ṣe. Bí ẹ bá kun kílíà tuntun sí etí èyí tó ń bó, méjèèjì ni yóò jọ ṣí lọ, torí pé èyí tó wà nísàlẹ̀ kò di nǹkan kan mú mọ́. Odindi bọ́nẹ́ẹ̀tì ni pẹ́ńtà gbọ́dọ̀ fi sáńpépà rà, kó tó fín àwọ̀ àti kílíà tuntun sí i.

Nọ́ńbà àwọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé "sílífà ṣáà ni sílífà" kò tíì kun ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbé nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ wá. Lára Toyota, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà náà: 040 jẹ́ funfun kan, 202 jẹ́ dúdú, 1F7 sì jẹ́ sílífà. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mú lọ fún ẹni tó ń po ọ̀dà.

Síbẹ̀, nọ́ńbà náà ń sọ àwọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí ọkọ̀, kò mọ ogún ọdún oòrùn tó ti jẹ. Nítorí náà, ẹ dán ọ̀dà náà wò ní kọ̀rọ̀ kan ná, lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Àwọ̀ méjì tó bára mu lábẹ́ gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù lè yàtọ̀ síra wọn nínú oòrùn. Sílífà tún ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀rún alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, bí àwọn ẹ̀rún náà bá ṣe sùn ni ìmọ́lẹ̀ á ṣe ta padà. Ọ̀dà tí wọ́n fín máa ń mú kí wọ́n sùn pẹlẹbẹ, búrọ́ọ̀ṣì máa ń da orí wọn rú. Ìdí nìyí tí ibi tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn fi máa ń ṣú díẹ̀ tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ kàn jẹ́ kí ibẹ̀ kéré bó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Èémí pẹ́ńtà

Òjò ni ọ̀tá pẹ́ńtà. Tí ó bá ń fín sẹ́lúlóòsì nígbà tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, tíínà tó ń fò lọ máa ń mú ojú irin tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé ọ̀dà tútù, àwọ̀ náà á sì funfun bí ẹni da omi ọṣẹ sí i. Omi tún máa ń pọ̀ sínú táǹkì kọ̀mpírẹ́sọ̀. Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ á tú u dànù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀.

Ewu ńlá wà nínú ọ̀dà tí wọ́n ń po hádínà mọ́ kó lè le. Ohun tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú ọ̀pọ̀ hádínà yìí, ó sì lè fún èèyàn ní ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́. Ẹni tí ikọ́ náà bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, isocyanate díẹ̀ péré lè tún gbé ikọ́ náà dìde. Aṣọ tí a so mọ́ imú àti ìbòmú eruku kò lè dí i. Ìbòmú tí wọ́n ń fi ọ̀pá fa afẹ́fẹ́ mímọ́ sí láti òkèèrè ló dáàbò boni. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe é nílé, kó dúró lórí ọ̀dà ìgò kékeré tí kò gba hádínà. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ra ọ̀dà yẹ́lò tàbí pupa ti àtijọ́: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kí eruku rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé.

Ibi tí omi ń gbà jáde

Kí ló wá ṣe Corolla màmá ẹlẹ́ja? Kò sí òkò tó ta á nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn. Pẹ́ńtà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó mú wáyà kẹ̀kẹ́ kan, ó fi ń wá nǹkan lábẹ́ etí ilẹ̀kùn. Ó gún un, ó yí i, ẹrẹ̀ dúdú kan jábọ́, omi sì tẹ̀ lé e. Omi náà kán títí ó fi rin ilẹ̀, ó sì ń rùn.

Gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀. Òjò tó bá ń ṣàn lára gíláàsì máa ń wọ inú ilẹ̀kùn, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní fáktirì, wọ́n sì dá ihò náà sí i kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Tí ẹrẹ̀ bá dí i, omi á jókòó sínú ilẹ̀kùn. Omi yìnyín àti omi ẹja tó ń dà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lójoojúmọ́ láti Ẹ̀pẹ́ kò sì ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Láti inú ni ìpáàrà ti jẹ irin náà bọ̀ wá síta.

Páńẹ́ẹ̀lì bítà ló kọ́kọ́ gé ibi tó jẹrà kúrò tó jó irin tuntun sí i. Ọ̀dà ló ṣe ìkẹyìn, òun ló sì gba owó tó kéré jù.

Kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, ẹ mú wáyà kékeré, kí ẹ tẹ̀ ba lẹ́bàá ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá àwọn ihò wọ̀nyẹn rí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà, kò sì gba ọ̀dà kankan.